Nocardia: kòkòrò inú erùpẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń ṣì pè ní ikọ́ ife

Tí èèyàn bá ń wúkọ́ fún oṣù méjì mẹ́ta, tó ń làágùn lóru, tó ń rù, tí ẹ́síréè sì fi ihò hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn dókítà ni ikọ́ ife, ìyẹn TB, kò sì burú bẹ́ẹ̀ torí lọ́pọ̀ ibi TB náà ló sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ ìgbà míì wà tí kì í ṣe TB rárá, Nocardia ni, kòkòrò kan tó ń gbé inú ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Àìsàn tó ń fà ni wọ́n ń pè ní nocardiosis. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí àwọn dókítà ń rí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí ẹ̀ sì wà, mo máa débẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé oògùn tó ń wo Nocardia kì í ṣe tuntun, láti àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti ń lo irú ẹ̀, síbẹ̀ èèyàn ṣì ń kú, kì í ṣe pé oògùn ò sí, kò kàn sẹ́ni tó rántí pé kí wọ́n wá kòkòrò yìí ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ òun fúnra ẹ̀ ná. Bakitéríà ni, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wò ó lábẹ́ maikrosíkóòpù ṣe ló máa ń yọ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi gbòǹgbò koríko, torí ìyẹn ni wọ́n ṣe kà á mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré o, torí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ò ràn án. Dókítà ẹranko kan tó jẹ́ ọmọ Faransé, Edmond Nocard, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1888, lára àwọn màlúù tó ń ṣàìsàn ní erékùṣù Guadeloupe, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n wá fi sọ kòkòrò ọ̀hún. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n tún fi rí irú ẹ̀ lára èèyàn kan tó ní eéwo nínú ọpọlọ. Ní báyìí oríṣi ẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ ti lé ní 100, àwọn tí wọ́n sábà ń rí lára aláìsàn ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbọ́ orúkọ bíi N. farcinica, N. nova, N. cyriacigeorgica, N. brasiliensis. Oògùn kan náà kọ́ ló ń ràn gbogbo wọn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú ilẹ̀ tó ń gbé, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ewé tó ti jẹrà, igi tó ti kú, òun àtàwọn ẹbí ẹ̀ ló wà lára àwọn tó ń tú u ká tí ilẹ̀ fi ń lọ́ràá. Ẹbí ńlá sì ni. Àwọn Streptomyces tí wọ́n ti rí streptomycin lára wọn ní 1943, oògùn àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ fún TB, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni wọ́n, kòkòrò TB fúnra ẹ̀ náà sì tún jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Kòkòrò TB àti Nocardia jọ ní irú ọ̀rá líle kan tó bo ara wọn níta, ọ̀rá yẹn gan-an ló ń kó wa sí wàhálà ní lábù.

Ibi gbogbo láyé ló wà, nínú erùpẹ̀, nínú eruku, nínú omi odò, kódà nínú omi òkun. Imú ló sábà máa ń gbà wọlé, èèyàn á kàn fa eruku símú láìmọ̀, tàbí kí ẹ̀gún gún un, kí nǹkan ha á lára, kí erùpẹ̀ sì wọ ojú egbò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti fà á símú láìmọye ìgbà tí nǹkan kan ò sì ṣe wá, torí àwọn sójà tó wà nínú ara máa ń tètè pa á. Kì í sì í ràn látara ẹnì kan sí ẹnì kejì bíi TB. Ẹ lè jókòó tì í, ẹ lè jọ jẹun, ẹ lè jọ sùn nínú yàrá kan. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí tó bá ní aláìsàn Nocardia mọ èyí dáadáa, torí tí wọ́n bá ti rò pé TB ni, wọ́n á ti ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á ya yàrá ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹni náà á wá máa dá wà lásìkò tó nílò èèyàn jù lọ.

Ta ló wá máa ń mú? Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, CDC, sọ pé bí 500 sí 1,000 èèyàn ló ń kó o lọ́dọọdún, ẹ sì rí i pé ìyẹn ò tó nǹkan kan nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ lé ní 300 mílíọ̀nù. Nínú àwọn tó ń kó o, bí 60 nínú 100 ló jẹ́ pé ara wọn ti rẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀: àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró fún, àwọn tó ní jẹjẹrẹ, àwọn tó ní kòkòrò HIV tí sójà ara wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn tí ọtí ti wọ̀ lẹ́wù, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọkùnrin máa ń pọ̀ ju obìnrin lọ nínú wọn, ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ò ní àìsàn kankan tẹ́nì kan mọ̀, àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ló máa ń wá fi hàn nígbà míì pé ara wọn fúnra ẹ̀ ló ń bá ohun tó yẹ kó máa ta àwọn sójà inú ẹ̀dọ̀fóró jí jà. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí dókítà sọ pé "ara ẹ ṣáà le tẹ́lẹ̀, kò lè jẹ́ Nocardia".

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa tọ́ka sí, steroid ni. Prednisolone, dexamethasone, àwọn oògùn tí wọ́n ń kọ fún asthma tó le, fún làkúrègbé, fún àìsàn awọ ara, fún oríṣiríṣi nǹkan. Oògùn tó dáa ni wọ́n, wọ́n ń gba ẹ̀mí là, mi ò sọ pé kẹ́ni tí dókítà kọ ọ́ fún má lò ó. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé tí èèyàn bá ń lò ó lọ́pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ó máa ń dá àwọn sójà ara lọ́wọ́ kọ́, kòkòrò tí wọn ì bá ti pa ní wéré á wá ráyè jókòó. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe nípa Nocardia, steroid ló máa ń léwájú nínú ohun tó ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn tó sì tún ń fúnra wọn rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn, tí wọ́n ń lò ó torí pé ó jẹ́ kára tù wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn, wọn kì í sì í rántí sọ ọ́ tí wọ́n bá dé ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ ò gbọdọ̀ déédéé já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan o, ara ti gbára lé e nìyẹn, dókítà ló gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èèyàn lè dákú, ó tiẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ kú.

Ìdí tó fi ń pọ̀ sí i náà wà nínú ohun tí mo sọ yìí. Àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, àwọn tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, pọ̀ sí i, àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń fún ẹni tó ní làkúrègbé àti àìsàn ìfun tó jẹ́ pé ara ló ń bá ara jà náà máa ń mú kí sójà ara rọlẹ̀. Àwọn tí ì bá ti kú lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn ń pẹ́ láyé báyìí, ọpẹ́ ni ká dú fún ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ń pẹ́ láyé pẹ̀lú ara tí kòkòrò ilẹ̀ lè bá jà. Apá kejì ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ti dé. MALDI-TOF, ẹ̀rọ tó ń wo èròjà ara kòkòrò láti fi mọ orúkọ ẹ̀, ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ohun tó máa ń gba lábù lọ́pọ̀ ọjọ́ tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò DNA náà sì wà. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo pípọ̀ yẹn ni àìsàn tuntun, àwọn míì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ni. Ibi tí ẹ̀rọ ò sí sì ńkọ́? Ẹ lè ro ìyẹn fúnra yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti TB yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nocardia nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń mú ibà wá, ikọ́, àyà dídùn, àìlè jẹun, rírù, òógùn òru, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ́síréè á fi àpá hàn tàbí ihò. Kò sí èyí tí TB kì í ṣe nínú wọn. Wọ́n á wá gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ sí lábù. Àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń wá kòkòrò TB, tí wọ́n á fi ásíìdì fọ̀ lẹ́yìn náà, kòkòrò TB kì í jẹ́ kó ṣí torí ọ̀rá yẹn. Nocardia náà máa ń dì í mú, ṣùgbọ́n kò le tó ti TB, ásíìdì tó lágbára á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan, tàbí kó ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹni tó ń wò ó á ní TB nìyí. Ásíìdì tí ò lágbára púpọ̀ ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá fẹ́ rí Nocardia, ẹni tó bá ní in lọ́kàn ló sì máa lò ó. GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún TB níbi gbogbo báyìí, kò mọ Nocardia rárá, "kò sí TB" ló máa sọ, òótọ́ ló sì sọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹnì kan dúró kó ní tí kì í bá ṣe TB, kí ni? Àmọ́ dókítà míì á wo ẹ́síréè, á wo bí aláìsàn ṣe rù, á ní TB ni jàre, ẹ̀rọ ni ò rí i, oògùn TB oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oògùn yẹn ò ní pa Nocardia. Oṣù méjì á kọjá, ara ò yá, wọ́n á ní bóyá TB tí ò gbóògùn ni, wọ́n á tún gbé oògùn tó le jù bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́, kòkòrò náà sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ohun míì tún wà ní lábù tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Nocardia kì í tètè hù. Bakitéríà tó wọ́pọ̀ máa ń hù láàárín ọjọ́ kan sí méjì, torí náà ọjọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ lábù máa ń da àwo tí wọ́n fi gbin kòkòrò nù tí wọn ò bá rí nǹkan kan. Nocardia lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó fara hàn. Ẹ wá wo ìyẹn: sáńpù tó dáa, kòkòrò wà nínú ẹ̀, wọ́n sì dà á sí inú ìdọ̀tí kó tó hù. Ìlà kan ṣoṣo tí dókítà bá kọ sórí fọ́ọ̀mù ló lè yanjú ẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó bóyá Nocardia ni, ẹ má tètè dà á nù". Kò gba owó. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìkan náà sì lè má tó, nígbà míì wọ́n ní láti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ọyún tàbí ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀.

Bó bá ti kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró tó gba inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ló fẹ́ràn jù. Á lọ ṣe eéwo síbẹ̀, ọ̀kan tàbí púpọ̀. Orí fífọ́, gìrì, kí apá kan ara máa rọ, kí ọ̀rọ̀ má já geere lẹ́nu mọ́, kí ìwà èèyàn yí padà, gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ àmì ẹ̀. Ó sì lè má fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé ẹni tí wọ́n bá rí Nocardia nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, kí wọ́n ṣe síkáànù ọpọlọ fún un, MRI ló dáa jù, kódà tí orí ò bá fọ́ ọ. Lójú síkáànù eéwo yìí lè jọ jẹjẹrẹ, wọ́n ti ṣí orí àwọn kan pé àwọn fẹ́ yọ jẹjẹrẹ, ọyún ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ọpọlọ ẹ̀, tí ara ẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀, ewu ikú ń bẹ níbẹ̀ gan-an, ju ti ẹni tó jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan lọ fíìfíì.

Ti awọ ara yàtọ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ le pónkán ló sábà máa ń ní in, àgbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà, ẹni tó fẹsẹ̀ lásán rìn tí ẹ̀gún gún un. Ó lè jẹ́ eéwo lásán, ó lè jẹ́ kókó kókó tó tò gba ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ lọ sókè. Èyí tó burú jù ni mycetoma: ẹsẹ̀ á máa wú díẹ̀díẹ̀ fún oṣù, fún ọdún, kì í sábà dùn, torí náà èèyàn á máa fi í sílẹ̀, ihò kéékèèké á wá ṣí, ọyún á máa jáde pẹ̀lú hóró kéékèèké nínú ẹ̀, tó bá yá á dé egungun. Àwọn kòkòrò míì àti fọ́ńgọ́ọ̀sì náà máa ń fà á. Ní Mẹ́síkò, N. brasiliensis ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ní Sùdáànì, tó jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí mycetoma ti pọ̀ jù láyé, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá ẹsẹ̀ á dúró tàbí wọ́n á gé e, torí èyí tí bakitéríà fà sábà máa ń gbọ́ oògùn, ti fọ́ńgọ́ọ̀sì ló máa ń le, tó sì máa ń la iṣẹ́ abẹ lọ. Ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó fi mycetoma sínú ìwé àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n pa tì. Ibùdó ìwádìí mycetoma tó lórúkọ jù láyé wà ní Khartoum, ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Sùdáànì ní April 2023 sì ti bà á jẹ́, sáńpù àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti ṣòfò. Kò sí bí mo ṣe ń ronú kan ìyẹn tí inú mi kì í bàjẹ́, torí àwọn tó ń lọ síbẹ̀, tálákà àti àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò níbòmíì.

Ojú náà ò gbẹ́yìn. Tí erùpẹ̀ bá wọ ojú tó ha, ó lè di egbò lórí ẹyin ojú. Wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí 500 èèyàn tí bakitéríà dá egbò sójú, Íńdíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá, ọdún 2012 ni èsì ẹ̀ jáde, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa kí wọ́n fi oògùn ojú tó ní steroid kún àǹtíbáyọ́tíìkì. Àwọn tó jẹ́ Nocardia ló fà á nínú wọn, àpá ojú wọn tóbi sí i pẹ̀lú steroid. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán oògùn ojú tó ní steroid sójú tó ní egbò láìjẹ́ pé dókítà ojú ti mọ ohun tó fà á.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Cotrimoxazole ló ṣì wà níwájú, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Septrin, àmọ́ iye tí wọ́n ń lò pọ̀ gan-an ju èyí tẹ́ ẹ mọ̀ lọ, ẹ má ṣe fúnra yín dánwò. Tó bá ti le, tàbí tó dé ọpọlọ, wọ́n á fi oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, amikacin, imipenem, linezolid, ceftriaxone, wọ́n á máa gba ojú iṣan. Níbí ni oríṣi Nocardia ti wúlò: N. farcinica, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń ta ko ceftriaxone, ẹni tí wọ́n bá gbé ìyẹn nìkan fún á kàn máa lọ sílẹ̀ ni. Ó yẹ kí lábù wo oògùn tó ràn án, tí wọn ò bá lè ṣe é, kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè ṣe é. Eéwo ńlá sì lè nílò kí wọ́n fa ọyún ẹ̀ jáde. Àwọn tó ń lo Septrin díẹ̀díẹ̀ torí HIV tàbí torí pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún wọn, ó ń dín ewu kù, ṣùgbọ́n kò dí gbogbo ọ̀nà, Nocardia ṣì ti mú àwọn kan lórí ẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣòro fún aláìsàn jù ni bó ṣe ń pẹ́. Ti awọ ara lè gba oṣù mélòó kan, ti ẹ̀dọ̀fóró oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ti ọpọlọ ó kéré tán ọdún kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ara á ti yá díẹ̀, ikọ́ á dínkù, oúnjẹ á máa wọlé, ibẹ̀ gan-an ni àwọn míì ti ń já oògùn sílẹ̀ tí àìsàn fi ń padà wá. Oògùn náà ní wàhálà tiẹ̀ o, ara lè máa yún tàbí kó bó, ẹ̀jẹ̀ lè dínkù, kíndìnrín lè máa ṣe ségesège, potassium lè lọ sókè jù nínú ẹ̀jẹ̀, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò látìgbàdégbà, ẹni tí sulfa, ìyẹn irú oògùn tó wà nínú Septrin, kì í bá lára mu sì gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó tàbí tí egbò yọ sẹ́nu àti sójú, kí wọ́n dá oògùn dúró, kí wọ́n sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn tí gbogbo oògùn bá parí, dókítà á ṣì máa ní kó wá, wọ́n á tún síkáànù ṣe, torí àìsàn náà máa ń padà yọjú nígbà míì lẹ́yìn tí oògùn ti tán, pàápàá lára ẹni tó ṣì ń lo steroid tàbí oògùn tó ń dá sójà ara dúró.